Kí Ló Dé Tí Ẹyẹ Omi Fi Ń Pòòyì Kó Tó Balẹ̀?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngán, mo kí yín kú ìjókòó. Yorùbá àjùmọ̀lò ni n ó fi bá yín sọ̀rọ̀, kí ará Ọ̀wọ́rọ̀, ará Bùnú, ará Ìjùmú, ará Yàgbà àti àwọn Owé tó gbà wá lálejò ní Kàbà níbí lè jọ gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí omi dáàmù Èjìbà fà sẹ́yìn, tí ẹrẹ̀ etí rẹ̀ hàn síta, kò sí àgbẹ̀ ìrẹsì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò tíì rí i. Ọ̀wọ́ ẹyẹ á yọ lókèèrè. Wọ́n á fò dé orí ibi tí gbogbo wa mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, wọn ò ní bà. Wọ́n á kọjá, wọ́n á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á padà, wọ́n á tún kọjá. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹsẹ̀ kan tó kan ilẹ̀. Omi nìyí, oúnjẹ nìyí, ebi sì ń pa wọ́n. Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. N kò fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹyẹ ń fi ara rẹ̀ ṣe lójúmọ́, kó máa ju apá láìsinmi wà lára èyí tó ń jẹ agbára jù lọ. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé tata ló ń ṣà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní agbára tí yóò máa fi ṣòfò lójú ọ̀run ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bà. Tó bá ń ná an, a jẹ́ pé ó ń rí nǹkan rà níbẹ̀. Iṣẹ́ ni pípòòyì yẹn. Ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà rà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níwájú yín.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì tó jọra sọ́tọ̀. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tó gbóná á máa ru gòkè. Ẹyẹ ńlá bí àkọ̀ àti igún á wọ inú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ apá láìjù ú, wọ́n á máa yí po, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé wọn lọ sókè títí wọn yóò fi di tóótòòtó lójú ẹni. Ìyẹn kì í ṣe ti lónìí. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó ń pòòyì, tí apá rẹ̀ kò mì, tó sì ń kéré sí i, ìlọ ló ń lọ. Èyí tí à ń bá wí ń bọ̀ nílẹ̀ ni, apá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Lékeléke ni gbogbo wa mọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá tẹ́ apá méjèèjì tán, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, síbẹ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì kílò lọ. Apá ńlá, ara fífúyẹ́: ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá wa gbé. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè àríwá lọ láti lọ yé ẹyin. Lóòótọ́, ẹ̀yìn màlúù àti ẹ̀yìn katakata ló ti ń jẹun ju inú omi lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ omi ló ti sábà máa ń sùn, ìran ẹyẹ elẹ́sẹ̀ gígùn tí ń wọ́ omi sì ni. Inú mi máa ń dùn sí i pé ẹyẹ ilẹ̀ wa yìí dá òkun kọjá fúnra rẹ̀: wọ́n rí i ní Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1877, nígbà tó sì di 1953 ó ti ń tẹ́ ìtẹ́ ní Florida. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ.

Àwọn kéékèèké tún wà. Ẹ ti rí ẹyẹ aláwọ̀ eérú, àyà funfun, tó máa ń sáré létí odò tí ìdí rẹ̀ ń mì tìtì láìdúró. Yúróòpù ni irú ẹ̀yẹn ti ń bọ̀. Láti bí oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ń dé, ìgbà tó bá di oṣù kẹrin ọ̀pọ̀ ti padà. Onímìdí yìí fẹ́ràn kó dá rìn, àmọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ bíi wood sandpiper àti ruff ń kó ara wọn jọ, àwọn sì ni ìpòòyì wọn lẹ́wà jù láti wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí atẹ́gùn, nítorí òun ni ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí lọ́la.

Kì í ṣe ìyára tí ẹyẹ fi ń kọjá lórí ilẹ̀ ló ń gbé e dúró lókè. Ìyára tí afẹ́fẹ́ fi ń gba ojú apá rẹ̀ kọjá ni. Ká ní ẹyẹ kan nílò kí afẹ́fẹ́ máa gba apá rẹ̀ kọjá ní kìlómítà 25 ní wákàtí kí ó má baà já bọ́. Ká sì ní atẹ́gùn ń fẹ́ ní kìlómítà 10. Bó bá kọjú sí atẹ́gùn náà láti bà, ìyára 15 péré ni yóò fi kan ilẹ̀. Bó bá kọ̀yìn sí i, 35 ni. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ẹyẹ omi, ẹsẹ̀ gígùn, tín-ín-rín, tí kò lẹ́ran lára, kí ẹ sì ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bó bá sáré wọ ẹrẹ̀ ní ìyára 35. Ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lórí ẹrẹ̀ kò ní ọjọ́ púpọ̀ láyé mọ́.

Nítorí náà ẹyẹ tó gbọ́n gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kó tó bà. Bí ibi tó ti ń bọ̀ bá bá atẹ́gùn mu, tí atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn, kò sí ọgbọ́n méjì: yóò kọjá ibi tó fẹ́ bà sí, yóò yí, yóò sì padà wá láti apá kejì. Ìdajì ìpòòyì tí ẹ ń rí nìyẹn.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni ọkọ̀ òfúrufú ń ṣe. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bà sí ní pápákọ̀ òfúrufú Àbújá, nọ́ńbà 04 àti 22 ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orí kan kọjú sí dígírì 40, èyí tó bọ́ sí àríwá-ìlà-oòrùn, èkejì sì kọjú sí 220, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Kò ṣèèṣì. Atẹ́gùn méjì ló ń jọba lọ́dọ̀ wa nínú ọdún: ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá-ìlà-oòrùn, àti atẹ́gùn òjò tó ń ti òkun bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ẹ lọ sí Èjìbà tàbí etí Odò Ọya ní oṣù kìíní, kí ẹ wo ibi tí àgógó ẹyẹ kọjú sí nígbà tó ń bà. Ẹ tún lọ ní oṣù karùn-ún. Ẹ ó rí i pé wọ́n ti yí padà, ẹyẹ kankan kò sì ka kàlẹ́ńdà.

Àmọ́ ìlú olókè ni ìlú wa. Àwọn òkè tó yí Kàbà ká, àti àwọn àpáta tó dúró gbáà lọ́nà Yàgbà, máa ń dá atẹ́gùn lọ́nà, wọ́n máa ń yí i, atẹ́gùn tó wà lókè kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ lórí omi. Ẹyẹ tó ń bọ̀ láti òkè kò lè mọ èyí tó wà nísàlẹ̀ àyàfi kó sọ̀ kalẹ̀ kó fi ara rẹ̀ kàn án. Ìkọjá àkọ́kọ́ yẹn, ìgbà tí wọ́n fò kọjá lórí ibẹ̀ bí ẹni pé wọn ò rí i, ìgbà náà ni atẹ́gùn ń tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n sì ń mọ bó ṣe lágbára tó. Ìrúmi kéékèèké tó wà lójú omi náà ń fi ọ̀nà atẹ́gùn hàn ẹni tó wà lókè.

Bó bá wá tó àkókò, ẹ wo lékeléke dáadáa. Ọrùn rẹ̀ tó ká jọ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó ń fò á nà jáde. Ẹsẹ̀ tó nà sẹ́yìn lábẹ́ ìrù á já sílẹ̀. Ara rẹ̀ á gbé dìde títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní òró, àyà á kọjú sí atẹ́gùn, apá á máa ju síwájú dípò sísàlẹ̀. Ìyẹ́ kúkurú kan wà létí iwájú apá, níbi tí àtàǹpàkò ìbá wà ká ní ọwọ́ ni. Ẹ ó rí i tó yọ sókè. Ìyẹ́ kékeré yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ já kúrò lójú apá nígbà tí ìyára bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Apá ńlá àti ara fífúyẹ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ṣiṣẹ́ níbí: lékeléke lè fa ìyára rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ wẹ́rẹ́.

Èyí tó kù nípa gíga kò ní pẹ́. Ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò ń fò lókè réré. Bó bá dorí kodò tààrà wá sílẹ̀, ìyára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni, ìyẹn gan-an ni kò sì fẹ́. Bó bá ń yí po bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, yóò fi gíga náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìkó ìyára jọ.

Ṣùgbọ́n ká ní atẹ́gùn nìkan ni, ẹ̀ẹ̀kan ni ìbá máa yí, tí ìbá sì bà. Ohun tó mú un di ẹ̀ẹ̀mẹrin wà nílẹ̀.

Òkè ni ibi ààbò ẹyẹ. Ilẹ̀ ni ọ̀nì wà, ilẹ̀ ni erè wà, ilẹ̀ ni ajá ọdẹ àti ọdẹ fúnra rẹ̀ wà. Ẹyẹ tó ti bà tí apá rẹ̀ ti pa dé kò lè dìde lójijì. Ó ní láti tẹ orúnkún, kó fò sókè, kó ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó bọ́. Àkókò kékeré yẹn tó fún ẹni tó bá lúgọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè ló ti ń yẹ ilẹ̀ wò, níbi tí àyẹ̀wò kò ti lè pa á.

Ojú rẹ̀ dára fún iṣẹ́ náà. Ní 1994, Graham Martin àti Gadi Katzir gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí ojú ẹyẹ ìran yìí lè rí, lékeléke sì wà nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ibi tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti jọ ń ríran gùn láti òkè orí títí dé ìsàlẹ̀ àgógó, débi pé ẹyẹ náà lè na àgógó síwájú gbọnrangandan kó sì máa rí ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwa ní láti tẹrí ba. Òun kò ní láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, omi máa ń tan ojú. Ẹni tó bá ti ọkọ̀ ojú omi wo Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ ọ́n: bí o bá kọjú sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wàá rí lójú omi, kedere bí dígí, o ò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Yí ẹ̀yìn sí oòrùn, omi kan náà á là, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á hàn, igi tó rì á hàn, nǹkan dúdú gbọọrọ tó lè jẹ́ igi tàbí ọ̀nì náà á hàn. Ẹyẹ tó gba apá kan ṣoṣo kọjá ti rí ìdajì. Ó ní láti yí ká kí gbogbo apá omi náà tó la lójú rẹ̀.

Ó sì ní láti mọ bí omi ti jìn tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lóòótọ́, àmọ́ ó lópin. Lékeléke àti àwọn kéékèèké kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ tó lè bà sójú ibú kó sì léfòó.

Ẹnì kan lè sọ pé: wọn kò ha ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ọdọọdún ni wọ́n ń wá. Ìdáhùn mi ni pé ibi tí wọ́n mọ̀ ní èṣí kì í ṣe ibi tí wọ́n bá lọ́dún yìí. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ wà létí odò, ẹ̀yin lẹ lè sọ èyí jù mí lọ. Omíyalé 2012 àti ti 2022 kò fi ibi tí iyanrìn wà sílẹ̀ bó ti wà. Kódà lọ́dún tí omi kò yalé, Odò Ọya ń kún títí dé oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ó ń fà ní ẹ̀ẹ̀rùn, erékùṣù iyanrìn tó bá sì yọ lè má yọ níbi tó ti yọ tẹ́lẹ̀. Dáàmù Èjìbà náà, bí wọ́n bá ti ń ṣí omi sóko ni etí rẹ̀ ń sún. Ẹyẹ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó mọ̀ ní èṣí yóò bà sínú ibú. Mo gbàgbọ́ pé ìdí yìí lágbára lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti lágbára ní ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ lọ.

Ọ̀nà kan wà tó ń dín àyẹ̀wò yìí kù, ìyẹn ni ká bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Àwọ̀ funfun lékeléke àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ ń hàn láti ọ̀nà jíjìn lórí ẹrẹ̀ dúdú. Àwọn onímọ̀ ti gbé ère ẹyẹ funfun kalẹ̀ sínú omi rí láti fi dán wọn wò, àwọn tó ń kọjá lókè sì yà wá. Ẹyẹ tó wà nílẹ̀ tó ń jẹun ní ìrọ̀rùn ti dáhùn ìbéèrè fún ẹni tó ń bọ̀: ọ̀nì kò sí, omi kò jìn, oúnjẹ wà. Ẹ wò ó, ẹ ó rí i pé ọ̀wọ́ tó kọ́kọ́ dé ló ń pòòyì pẹ́. Àwọn tó dé bá wọn kì í pẹ́ lókè bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹyẹ kan ṣoṣo lè ṣe é. Ọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹyẹ igba, atẹ́gùn ti yé àwọn kan, ilẹ̀ ti tẹ́ àwọn kan lọ́rùn, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn kan. Ta ni yóò sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká bà?

Ọmọbìnrin kan nínú yín ti kọ ìbéèrè yìí sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde: ta ni olórí wọn? Ọmọ mi, wọn kò ní olórí. Èyí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu fún ọdún gbọọrọ. Àwọn kan tiẹ̀ rò nígbà kan pé ọkàn ẹyẹ kan ń bá ọkàn èkejì sọ̀rọ̀ láìlo ohùn. Wayne Potts, ará Amẹ́ríkà, ló fi fíìmù já a. Ó ya ọ̀wọ́ ẹyẹ kékeré etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní dunlin bí wọ́n ti ń yí lójú ọ̀run, ó wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1984. Bí a bá dẹ́rù ba dunlin kan ṣoṣo lójijì, ó ń gbà á tó ìdá 38 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó mira. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́, bí ìyípadà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìdá bíi 15 péré ni yóò fi kúrò lára ẹyẹ kan dé ara aládùúgbò rẹ̀. Ó yára ju bí ẹyẹ kan ṣe lè tètè mọ nǹkan lára lọ! Báwo? Nítorí ẹyẹ náà kò wo aládùúgbò rẹ̀ nìkan. Ó ń rí ìyípadà náà bó ti ń bọ̀ láti òkèèrè nínú ọ̀wọ́, ó sì ti múra dè é kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Potts tún rí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹyẹ yòówù lè bẹ̀rẹ̀ ìyípadà. Àmọ́ ẹni tó bá fì sí inú ọ̀wọ́ ni àwọn yòókù ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá fì síta, tó kọ̀yìn sí ẹgbẹ́, wọn kì í tẹ̀lé e. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀wọ́ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ yìí yàn láti fò súnmọ́ ara wọn gbágbáágbá, wọn kò sì fara kanra síbẹ̀. Ní Ròmù, àwọn onímọ̀ ṣírò ti ẹyẹ starling jáde ní 2008: aládùúgbò mẹ́fà tàbí méje ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń fojú sí, ì báà jẹ́ pé ọ̀wọ́ fún jọ tàbí ó tú ká.

Ìdí wo ni wọn ò fi dá bà? Nítorí ẹni tó kọ́kọ́ bà, òun nìkan ló wà nílẹ̀. W. D. Hamilton, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1971 pé ẹni tó wà létí ẹgbẹ́ ni ewu súnmọ́ jù, àárín sì ni gbogbo ẹ̀dá ń wá. Will Cresswell wo ẹyẹ redshank ní etí òkun Scotland, ó sì rí i pé ẹyẹ tó wà nínú ọ̀wọ́ ńlá ń bọ́ lọ́wọ́ àṣá ju èyí tó wà nínú ọ̀wọ́ kékeré lọ. Àṣá tó rí ẹyẹ kan mọ èyí tí yóò lé. Àṣá tó rí igba tí wọ́n jọ ń yí, tí inú apá wọn ń tàn fìrì tí ó tún ń ṣú, kò mọ èyí tí yóò mú.

Torí náà ohun méjì ló ń fa ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kan náà: ebi ní kó bà, ẹ̀rù ní kó má dá bà. Ẹ wo ọ̀wọ́ tó ń pòòyì, ẹ ó rí èyí kedere. Ní ìyípo kan, mẹ́rin tàbí márùn-ún á já ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ bà. Wọ́n á wò ó pé àwọn yòókù kò tẹ̀lé. Wọ́n á ká ẹsẹ̀ padà, wọ́n á sáré dara pọ̀. Ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, àwọn tó já ẹsẹ̀ sílẹ̀ á pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, lójijì, gbogbo wọn á dà sílẹ̀. Kunal Bhattacharya àti Tamás Vicsek fi ìṣirò kọ̀ǹpútà tọ ọ̀rọ̀ bíbà yìí gan-an ní 2010. Àkókò tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan fẹ́ bà yàtọ̀ sí ti èkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń wo ara wọn, ìpinnu gbogbo wọn á papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ẹnì kan pàṣẹ. Ìpàdé ni ìyípo kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tó já ẹsẹ̀ sílẹ̀ ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀lé e ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Bí ọmọ bá ta kànnàkànnà sí ọ̀wọ́ tó fẹ́ bà, kódà bí òkò náà kò kan ẹyẹ kan, gbogbo ìpàdé náà ti tú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Fún lékeléke tó ń sùn lọ́dọ̀ wa, ìyà alẹ́ kan ni. Fún àwọn tó ń padà sí Yúróòpù ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá tí wọ́n jẹ sára níbí ni wọ́n máa fi la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ọ̀rá tí wọ́n bá fi pòòyì lórí Èjìbà nítorí ìbọn àti òkò kò sí fún Sàhárà mọ́. Àti àwọn tó ń da apakòkòrò sínú omi láti fi pẹja: ẹyẹ lè yẹ ọ̀nì wò láti òkè, ó lè yẹ ìjìn omi wò, oró tó yòrò sínú omi kò ṣeé rí láti ibi kankan. Ó ń dùn mí gan-an. Ní Laminga, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ kan wà lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, A. P. Leventis Ornithological Research Institute. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lára, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ọmọ Ọ̀kun náà lè lọ.

Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, mo sì kọ méjì nínú ìdáhùn mi síbí.

Ìyá kan láti Ìyàrà ní ọparun kan wà lẹ́yìn ilé àwọn tí lékeléke ń sùn sí. Ó ní wọ́n á ti bà tán ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún dìde, wọ́n á yí po, wọ́n á tún bà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní: màmá, ìjà àyè ni. Ẹni tó sùn nísàlẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹni tó wà lókè ń dà lé lórí, ẹ̀ka etí sì ni òwìwí kọ́kọ́ ń dé. Gbogbo wọn ń wá òkè àti àárín. Bí méjì bá ti ta kàn-ǹ-gbọ̀n, ìró apá wọn á já ogún láyà, ogún á dìde, àwọn yòókù kò sì ní jókòó sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá àṣá ni.

Àgbẹ̀ kan bi mí pé, bí wọ́n bá yí títí tí wọn kò bà rárá, tí wọ́n lọ, kí ló dé? Mo bi í pé níbo ló dúró sí. Ó ní orí ebè, láàárín oko, kó lè rí wọn dáadáa. Mo ní òun gan-an ni wọ́n rí. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń bà, kó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kó jókòó sábẹ́ igi, kó fi oòrùn sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, kó sì má dìde títí àwọn tó kọ́kọ́ bà yóò fi ki àgógó bọ ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń jẹun, ó lè mí dáadáa.